Máìlì Kejì: Kí Ni "Go the Extra Mile" Túmọ̀ Sí?

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ wa, bóyá olùkọ́ yín ti kọ ọ́ rí sínú ìwé èsì ẹ̀kọ́ yín pé ẹ máa ń "go the extra mile." Ẹ̀yin òbí, ó ṣeé ṣe kí ẹ ti gbọ́ ọ lẹ́nu ọ̀gá níbi iṣẹ́. Ẹni tó ṣe ju ohun tó jẹ́ ojúṣe rẹ̀ lọ ni wọ́n ń sọ ọ́ fún. Bí nọ́ọ̀sì bá parí iṣẹ́ òòjọ́ rẹ̀, tó tún jókòó ti arúgbó tí ẹ̀rù ń bà títí ọmọ rẹ̀ fi dé, wọ́n á ní: "She went the extra mile." "Go" ni wọ́n ń lò, ẹ má ṣe sọ pé "do the extra mile."

Inú Bíbélì ni gbólóhùn yìí ti wá, ní Mátíù 5:41, nínú ìwàásù Jésù lórí òkè. Lásìkò náà, àwọn ará Róòmù ló ń ṣàkóso ilẹ̀ àwọn Júù. Ọmọ ogun wọn lè dá èèyàn dúró lójú ọ̀nà, kó sì fipá gbé ẹrù rù ú. Bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ṣe mú Símónì ará Kírénè láti ru àgbélébùú Jésù. Máìlì ti Róòmù tó nǹkan bí 1,480 mítà. Ti Ìlú Ọba tí à ń rí lára àmì ojú ọ̀nà jẹ́ 1,609 mítà. Jésù ní kí ẹni tí wọ́n bá fipá mú rin máìlì kan bá wọn rin méjì.

Ẹ kíyè sí i: tipá ni máìlì kìíní, tinútinú ni ìkejì. Àwọn baba wa náà sọ ọ́: bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, a fi tọmọ jẹ́ ẹ.

Nítorí náà, ọ̀gá tó ní dandan ni kí ẹ máa fi wákàtí kan kún iṣẹ́ lójoojúmọ́ láìgbowó, tó sì pè é ní "extra mile," máìlì kìíní ló ń béèrè. Ní Ìlú Ọba, bí a bá pín owó òṣìṣẹ́ sí gbogbo wákàtí tó fi ṣiṣẹ́, kò gbọ́dọ̀ kéré sí iye tí òfin là sílẹ̀. Kì í ṣe ìwà ọ̀lẹ láti fi ọ̀wọ̀ béèrè ẹ̀tọ́ ẹni.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, tí ẹ bá ń kọ̀wé láti wọ yunifásítì, ẹ má kàn kọ ọ́ pé ẹ máa ń "go the extra mile." Ẹ sọ ohun tí ẹ ṣe: ta lẹ kọ́ ní ìṣirò lẹ́yìn ilé ìwé, ọ̀sẹ̀ mélòó lẹ fi ṣe é? Ẹnu ẹlòmíràn ni ọ̀rọ̀ yìí ti ń dùn.

Ẹ̀yin òbí, bí ẹ bá ní kí ọmọ fọ abọ́, tó tún nu sítóòfù láìjẹ́ pé ẹ sọ, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ má sọ ọ́ di òfin lọ́la. Bí ẹ bá ti sọ ọ́ di dandan, máìlì kejì ti di ìkíní nìyẹn.