Táyà Jíìpù fún Ọ̀nà Ìgbèríko: Ẹ Wo Ọjọ́ Orí Rẹ̀ Kí Ẹ Tó Sanwó



Bí ẹ bá ní jíìpù tí ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin rẹ̀ jọ ń fà, tí ẹ sì máa ń gbé e lọ sí ìgbèríko fún wáàsí, ìsọmọlórúkọ tàbí iṣẹ́ oko, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín. Ọ̀nà Kaiama sí Kosubosu kì í ṣe ibi tí ènìyàn ń fi táyà ṣeré.

Ní àkókò òjò ọdún 2023, èmi àti ìdílé mi ń lọ síbi nikáà ní abúlé kan ní agbègbè náà nígbà tí táyà ẹ̀yìn bẹ́. Ọkọ̀ yà sínú igbó. Alihamdulilahi, ẹnikẹ́ni kò farapa, ṣùgbọ́n ọmọbìnrin mi kékeré kọ̀ láti wọ ọkọ̀ náà fún ọjọ́ púpọ̀. Èyí tó dùn mí jù ni pé n kò tíì lo táyà náà pé oṣù mẹ́rin. Nígbà tí mo rà á, ó dúdú, ó ń dán, eyín rẹ̀ sì ga. Fọkanáísà tó bá wa tú u ló nawọ́ sí nọ́ńbà kan lára rẹ̀: 1114.

Ọjọ́ ìbí táyà nìyẹn. Ẹ wá lẹ́tà DOT lára rẹ̀, kí ẹ tọ̀ ọ́ dé nọ́ńbà mẹ́rin tó gbẹ̀yìn. Méjì àkọ́kọ́ ni ọ̀sẹ̀, méjì ìkẹyìn ni ọdún. Ọ̀sẹ̀ kọkànlá ọdún 2014 ni wọ́n ṣe táyà tí mo rà bí tuntun! Nígbà mìíràn, ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo ni wọ́n ń kọ ọ́ sí, nítorí náà ẹ yí táyà padà kí ẹ wo ẹ̀yìn rẹ̀. Rọ́bà a máa gbẹ, a sì máa sán, ìbáà jẹ́ inú ṣọ́ọ̀bù ló wà. Ọdún mẹ́rin ni àjọ SON fi sí ọjọ́ ayé táyà ní ilẹ̀ wa.

Michelin ti ilé iṣẹ́ rẹ̀ ní Port Harcourt pa ní 2007, Dunlop sì dáwọ́ táyà ṣíṣe dúró ní Ìkẹjà ní 2008. Láti ìgbà náà, òkè òkun ni ọ̀pọ̀ táyà wa ti ń wá. Òfin kò gbà kí á kó táyà àlòkù ti ọkọ̀ kékeré wọ̀lú, síbẹ̀ tòkúnbọ̀ kún ọjà.

Ẹ rántí hadiisi tí Imaamu Muslim gbà wá, níbi tí Ànábì wa (SAW) ti ti ọwọ́ bọ inú òkìtì oúnjẹ lọ́jà, tí ọwọ́ rẹ̀ sì kan ibi tó tutù nísàlẹ̀. Èmi tí mo ń kọ́ àwọn ọmọ ní hadiisi yìí lọ́dọọdún, n kò wo abẹ́ dídán táyà! Ẹ fi àkísà tútù nù ún dáadáa. Bí ìlà sísán wẹ́wẹ́ bá yọ ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ẹ fi í sílẹ̀ fún olówò.

Ní ti eyín táyà, àwọn ọ̀dọ́ fẹ́ràn èyí tó rí gàgàrà, tí wọ́n kọ M/T sí lára. Ó dára nínú ẹrẹ̀ jíjìn, ṣùgbọ́n ó ń pariwo lórí ọ̀dà, kì í sì í tètè dúró bí ọ̀dà bá tutù. H/T, ti ọ̀nà ọ̀dà, yóò máa yọ̀ nínú ẹrẹ̀. Fún ẹni tó ń rin ọ̀dà àti ilẹ̀ pupa, A/T ni mo fọwọ́ sí.

Ẹ ra ìwọ̀n tí wọ́n kọ sí ẹnu ilẹ̀kùn awakọ̀, bíi 265/70R16. Ẹ má ṣe pa tuntun kan pọ̀ mọ́ gbígbó mẹ́ta. Táyà tó ga ju èkejì lọ kì í yí iye ìgbà kan náà, jíà tó so iwájú mọ́ ẹ̀yìn ni yóò sì jìyà rẹ̀. Bí owó kò bá tó fún mẹ́rin, ẹ dúró díẹ̀ kí ó tó.

Ibi ẹnu ilẹ̀kùn náà ni ẹ ó ti rí ìwọ̀n afẹ́fẹ́. Àárọ̀ ni kí ẹ wọ̀n ọ́, kí ọkọ̀ tó rìn. Táyà tí afẹ́fẹ́ rẹ̀ kò tó a máa gbóná lórí ìrìn títí yóò fi bẹ́. Bí ẹ bá dín in kù láti la iyanrìn kọjá, ẹ tún un fẹ́ kí ẹ tó gun ọ̀dà.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ wo sípéà abẹ́ ọkọ̀ pẹ̀lú. Tèmi tí a fẹ́ fi pààrọ̀ lọ́jọ́ náà, 2011 ni wọ́n kọ sí i lára, kò sì sí afẹ́fẹ́ nínú rẹ̀.