Ọ̀gá Kì Í Rí Bákan Náà

Lọ́dọọdún ni àwọn ọ̀dọ́ ń fi ìletò wọn sílẹ̀ lọ wá iṣẹ́ oṣù. Ẹlòmíràn a di akọ̀wé ní ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀, ẹlòmíràn a di olùtọ́jú ẹrù ní ilé ìtajà kan ní Ìbàdàn tàbí ní Èkó, ẹlòmíràn a sì bá àwọn tí ń sin adìẹ lọ́pọ̀ yanturu ṣiṣẹ́. Kí wọ́n tó kúrò nílé, àwọn òbí a kìlọ̀ fún wọn pé kí wọ́n má ṣe jalè, kí wọ́n má sì máa pẹ́ dé ibi iṣẹ́. Ìmọ̀ràn rere ni èyí. Ṣùgbọ́n a kì í sábà kọ́ wọn bí a ti í bá ọ̀gá lò. Nítorí náà ni a ṣe ń rí àwọn tí ó mọ iṣẹ́ wọn dáradára tí wọ́n sì tún padà wálé kí ọdún kan tó pé.

Ọ̀gá tí ọ̀pọ̀lọpọ̀ wa kọ́kọ́ mọ̀ ni ọ̀gá tí ń kọ́ni níṣẹ́ ọwọ́: télọ̀, káfíńtà, mẹkáníìkì. Bàbá ni ó mú ọmọ lọ fún un. Ọmọ a máa gbé ọ̀dọ̀ rẹ̀, a máa jẹ nínú oúnjẹ ilé rẹ̀, a sì máa fọ aṣọ rẹ̀, títí di ọjọ́ tí yóò gba fìrídọ́ọ̀mù. Irú ọ̀gá bẹ́ẹ̀ dàbí òbí. Ọ̀gá iṣẹ́ oṣù kò rí bẹ́ẹ̀. Àdéhùn ni ó so òun àti òṣìṣẹ́ pọ̀, òun pàápàá sì ní ẹni tí yóò jíhìn fún. Bí òṣìṣẹ́ bá fẹ́ mọ irú ẹni tí ọ̀gá rẹ̀ jẹ́, kí ó kọ́kọ́ wádìí ohun tí wọn yóò bi ọ̀gá náà léèrè lópin oṣù: ṣé owó ni, ṣé ẹrù ni, tàbí àkọsílẹ̀? Ibẹ̀ ni ìbínú rẹ̀ ti ń wá, ibẹ̀ náà sì ni ìrànlọ́wọ́ ti wúlò fún un jùlọ.

Ẹ mú ọ̀gá tí ń pariwo. Àwọn ọ̀dọ́ a máa bẹ̀rù rẹ̀, ṣùgbọ́n lójú tiwa òun ni ó rọrùn jùlọ láti bá gbé, nítorí pé ohun tí ó wà nínú rẹ̀ ti bọ́ sí ẹnu. Kí òṣìṣẹ́ má ṣe dá a lóhùn nígbà tí ọ̀rọ̀ ń gbóná. Kí ó ṣe iṣẹ́ náà. Bí ó bá di ìrọ̀lẹ́, kí ó tọ̀ ọ́ lọ, kí ó ṣàlàyé. Ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò.

Ọ̀gá tí kì í sọ̀rọ̀ ni ó ṣòro. A mọ ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ó ń tọ́jú ìwé ẹrù ní ọ́fíìsì kan. Fún oṣù 8, ọ̀gá rẹ̀ kò bá a wí rí, ó sì ń yọ̀ pé iṣẹ́ òun dára. Ìgbà tí ọ̀rọ̀ ìgbéga dé ni ó tó gbọ́ pé ọ̀gá náà ti kọ ọ́ sílẹ̀ pé ìwé rẹ̀ kún fún àṣìṣe. Ọ̀gá yìí jẹ̀bi, a kò ní fi bò. Ẹni tí kò tọ́ni sọ́nà kò yẹ kí ó dáni lẹ́bi. Ṣùgbọ́n ọ̀dọ́mọkùnrin náà pàápàá kò bi í léèrè lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba, lọ́dọọdún ni ọ̀gá ń kọ ìjábọ̀ nípa òṣìṣẹ́ kọ̀ọ̀kan, ìwé yìí ni a sì ń yẹ̀ wò bí a bá fẹ́ gbé ènìyàn ga. Nítorí náà ẹni tí ọ̀gá rẹ̀ jẹ́ adákẹ́ kò gbọdọ̀ dúró de ìparí ọdún. Kí ó wọlé tọ̀ ọ́ lóṣooṣù, kí ó wí pé: “Ẹ jọ̀wọ́ sà, kí ni ẹ fẹ́ kí n tún ṣe sí nínú iṣẹ́ mi?” Nígbà àkọ́kọ́ ó lè fi “Kò sí nǹkan” dá a lóhùn. Kí ó tún béèrè ní oṣù kejì.

Ọ̀gá mìíràn wà tí yóò pàṣẹ ní òwúrọ̀ tí yóò sì sẹ́ ẹ ní ọ̀sán. Ìwé kékeré àti bírò ni oògùn tirẹ̀. Bí ó bá ti sọ̀rọ̀ tán, kí òṣìṣẹ́ tún un sọ níwájú rẹ̀: “Bí mo ti gbọ́ ọ, sà, àpò sìmẹ́ǹtì 20 ni kí n kó lọ lónìí, kí ìyókù dúró di Ọjọ́bọ̀.” Lẹ́yìn náà kí ó kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú ọjọ́ àti aago. Kì í ṣe láti fi mú ọ̀gá lọ́ràn. Bí ó bá pẹ́ díẹ̀, ọ̀gá fúnra rẹ̀ ni yóò máa béèrè ìwé náà.

Èyí tí ó ń dá wàhálà sílẹ̀ jùlọ láàrin àwa Yorùbá ni ọ̀gá tí ọjọ́ orí rẹ̀ kéré. Ọkùnrin ẹni 50 ọdún ti lo 20 ọdún lẹ́nu iṣẹ́. Wọ́n sì mú ọmọbìnrin ẹni 30 ọdún, tí ó jáde ní yunifásítì, wá ṣe olórí rẹ̀. Ta ni yóò kọ́kọ́ kí ẹnìkejì? Ṣé “ìwọ” ni bàbá yìí yóò pè é, tàbí “ẹ̀yin”? Ọ̀ràn kékeré ni lójú àjèjì, ṣùgbọ́n ó tó láti tú ọ́fíìsì ká. Kò sí ẹni tí ó ní kí àgbàlagbà dọ̀bálẹ̀ fún ẹni tí ó lè bí lọ́mọ. Ipò ni kí ó bọ̀wọ̀ fún: kí ó fi “ẹ” bá a sọ̀rọ̀ lẹ́nu iṣẹ́, kí ó pè é ní “Màdáámù”, bí ó bá sì rí àṣìṣe rẹ̀, ìkọ̀kọ̀ ni kí ó ti sọ fún un. Kí ọ̀gá náà ní tirẹ̀ máa pè é ní “Bàbá”, kí ó sì kúnlẹ̀ kí i bí wọ́n bá pàdé ní òde ìnáwó, nítorí pé ibẹ̀ kì í ṣe ọ́fíìsì. Ẹni tí ó ti lo 20 ọdún níbì kan mọ ibi tí kọ́kọ́rọ́ wà, ó sì mọ ẹni tí ń parọ́. Bí ọ̀gá titun bá kọ ìmọ̀ yìí, tàbí bí àgbà bá fi í pamọ́ kí ọmọ náà lè ṣubú, oúnjẹ tí àwọn méjèèjì jọ ń jẹ ni ó ń bàjẹ́.

Gbogbo èyí, ọ̀ràn ìwà ni. Ọ̀gá tí kì í san owó kò sí lára wọn, a kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi sùúrù gbà á mọ́ra. Òfin Iṣẹ́ ti Nàìjíríà, tí a ṣe ní 1974, sọ pé kí oṣù 3 tó kọjá lẹ́yìn tí òṣìṣẹ́ bẹ̀rẹ̀, ó gbọ́dọ̀ gba ìwé tí ó sọ iye owó rẹ̀, wákàtí iṣẹ́ rẹ̀ àti nótíìsì tí wọn yóò fún ara wọn kí wọ́n tó pínyà. Owó kò gbọdọ̀ pẹ́ ju oṣù kan lọ kí ó tó jáde. Ọ̀gá kò ní ẹ̀tọ́ láti yọ owó ìtanràn nínú rẹ̀. Ẹni tí ó bá ti ṣiṣẹ́ fún oṣù 12 ní ìsinmi ọjọ́ iṣẹ́ 6, ó kéré tán, pẹ̀lú owó rẹ̀ ní pípé. Nótíìsì ọ̀sẹ̀ kan ni ti ẹni tí ó ti lo ju oṣù 3 lọ ṣùgbọ́n tí kò tíì pé ọdún 2. Ọ̀sẹ̀ 2 ni títí di ọdún 5. Láti ìgbà náà lọ, oṣù kan ni. Àwọn tí ń fi agbára ṣiṣẹ́ àti àwọn akọ̀wé ni òfin yìí wà fún. Kí àwọn alákòóso yẹ ìwé ìgbàsíṣẹ́ tiwọn wò.

Bí ọ̀gá bá rú èyí, kí òṣìṣẹ́ kọ́kọ́ kọ lẹ́tà sí i, kí ó sì tọ́jú ẹ̀dà kan. Bí kò bá rí ìdáhùn, kí ó lọ sí ọ́fíìsì ìjọba àpapọ̀ tí ń bójú tó ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ ní olú-ìlú ìpínlẹ̀ rẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ bá kọjá ibẹ̀, ilé-ẹjọ́ ìjọba àpapọ̀ tí ń gbọ́ ẹjọ́ òṣìṣẹ́ ń jókòó ní Ìbàdàn, ní Àkúrẹ́ àti ní Èkó. Kí ó mú ìwé ìgbàsíṣẹ́ rẹ̀ dání, àti ẹ̀dà lẹ́tà náà, àti ìwé kékeré tí ó ti ń kọ ọjọ́ àti aago sí.