ẸSẸ̀ ÒSÌ NÍNÚ SÚNKẸRẸ-FÀKẸRẸ

Bí ọjọ́ bá ti ń rọ̀, tí àwọn òṣìṣẹ́ ń bọ̀ láti Èkó, ẹnikẹ́ni tí ó bá ń gbé lápá Ìkòròdú mọ ohun tí ojú ń rí ní Itamaga. Ibẹ̀ ni ọ̀nà Ijede ti ya kúrò lára ọ̀nà Itoikin, èyí tí ó ń gbé ènìyàn lọ sí Ẹ̀pẹ́ àti Ìjẹ̀bú-Òde. Dáńfó ń já èrò, kẹ̀kẹ́ Márúwá ń wá àlàfo tí yóò gbà, tírélà dúró gbọnrangandan sí àárín, àwọn ọlọ́jà sì ń gba àárín ọkọ̀ kọjá pẹ̀lú ẹrù lórí. Ọkọ̀ á sún díẹ̀, á dúró. Á tún sún díẹ̀, á tún dúró. Nígbà náà ni òórùn kan máa ń wọ inú ọkọ̀, òórùn bí ìgbà tí bébà àti rọ́bà bá jọ ń jóná. Àwọn èrò á máa wo ara wọn lójú. Ẹnì kan á ní wáyà ló ń jó. Lọ́pọ̀ ìgbà kì í ṣe wáyà rárá. Kílọ́ọ̀ṣì ni.

Ẹ̀yin olùkàwé wa ọ̀wọ́n, ọ̀rọ̀ ẹsẹ̀ òsì ni a fẹ́ bá yín sọ. Ó lè dà bí ọ̀rọ̀ àwọn dẹ́rẹ́bà nìkan, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ilé ni. Baálé ilé wà láàárín wa tí ó jẹ́ pé dáńfó kan ṣoṣo ni ó fi ń tọ́ àwọn ọmọ rẹ̀. Bí kílọ́ọ̀ṣì bá jóná lọ́jọ́ Ajé, ọkọ̀ lè wà lọ́dọ̀ mẹkáníìkì títí di Ọjọ́rú, ẹni tí ó ni ọkọ̀ kò sì ní ṣíwọ́ láti máa bèèrè owó rẹ̀ lálaalẹ́. Ohun mìíràn tún wà tí ó kan ìjọ gan-an. Ọ̀pọ̀ àwọn ọ̀dọ́ wa ni ó jẹ́ pé ọtomátíìkì nìkan ni wọ́n fi kọ́ ọkọ̀ wíwà. Tòkunbọ̀ Corolla àti Camry tí ó kún ìgboro ni wọ́n bá nílé, ẹsẹ̀ òsì wọn kò sì ṣe iṣẹ́ kankan rí nínú ọkọ̀. Lọ́jọ́ tí dẹ́rẹ́bà ìjọ kò bá lè wá, a ó wá kó kọ́kọ́rọ́ bọ́ọ̀sì HiAce oníjíà lé irú ọ̀dọ́ bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́, pé ṣebí o mọ ọkọ̀ wà, pẹ̀lú àwọn ìyá àgbà àti ọmọ wẹ́wẹ́ nínú rẹ̀. Bí ọ̀nà bá já gaara, ó lè yege. Nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ni yóò ti mọ̀ pé ohun tí òun mọ̀ kò tó.

Kí ni kílọ́ọ̀ṣì ń ṣe gan-an? Ẹ́ńjìnnì tí a bá ti tan kò lè dúró jẹ́ẹ́. Yíyí ni ó ń yí, nǹkan bí ìgbà 700 sí 900 ní ìṣẹ́jú kan, nígbà tí a kò tilẹ̀ tíì tẹ tọ́rọ́tù. Táyà ní tirẹ̀ gbọ́dọ̀ lè dúró. Ohun tí ó wà láàárín àwọn méjèèjì ni dísìkì pẹlẹbẹ kan, tí a fi ohun tí ó jọ ti bíréèkì bo ojú rẹ̀ méjèèjì. Nígbà tí ẹsẹ̀ kò bá sí lórí pẹ́dà òsì, sípíríìnì líle kan á fún dísìkì yìí mọ́ irin rìbìtì tí ẹ́ńjìnnì ń yí, gbogbo wọn á sì jọ máa yí bí ẹyọ kan. Nígbà tí a bá tẹ pẹ́dà wọlẹ̀, dísìkì á bọ́ lọ́wọ́ ẹ́ńjìnnì. Ìyẹn yé tèwe tàgbà. Agbedeméjì ni wàhálà wà, níbi tí dísìkì ti ń fọwọ́ kan irin náà láìtíì dì í mú tán, èyí tí àwọn dẹ́rẹ́bà ń pè ní háàfù-kílọ́ọ̀ṣì. Níbẹ̀, ẹ́ńjìnnì ń yí kíákíá, dísìkì ń yí díẹ̀díẹ̀, wọ́n sì ń ra ara wọn. Ẹni tí ó bá ti ra àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ pọ̀ nígbà ọyẹ́ mọ ohun tí ó ń ti ibẹ̀ jáde: ooru.

Láìsí háàfù-kílọ́ọ̀ṣì, kò sí ọkọ̀ oníjíà tí yóò gbéra láìfò fìrì kí ó sì kú. Ṣùgbọ́n ìṣẹ́jú àáyá kan tàbí méjì ni ó yẹ kí a lò níbẹ̀. Àwọn àgbà sọ pé ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ní ti kílọ́ọ̀ṣì, ẹ̀sọ̀ tí ó bá pẹ́ jù ni ó ń bà á jẹ́.

Ohun tí ọ̀pọ̀ ń ṣe ní Itamaga ni pé bí ọkọ̀ iwájú bá sún ní ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta, àwọn náà á sún ní mẹ́ta. Kí wọ́n tó rin ìwọ̀n ojúlé méjì, wọn yóò ti wà lórí háàfù-kílọ́ọ̀ṣì nígbà ogún. Ó sàn kí a dúró, kí a fi jíà sí fírìì, kí a gbé ẹsẹ̀ òsì kúrò pátápátá, kí a sì jẹ́ kí àlàfo tí ó tó ọkọ̀ kan tàbí méjì ṣí sílẹ̀ níwájú. Nígbà náà ni kí a fi jíà kìn-ín-ní gbéra, kí a tú kílọ́ọ̀ṣì sílẹ̀ tán, kí ọkọ̀ sì máa wọ́ lọ fúnra rẹ̀. Lórí ilẹ̀ tí ó tẹ́jú, jíà kìn-ín-ní láìtẹ tọ́rọ́tù á máa gbé ọkọ̀ kékeré lọ ní nǹkan bíi kìlómítà 6 ní wákàtí kan, èyí tí ó fi díẹ̀ ju ìrìn ẹsẹ̀ lọ. Ní gbogbo àkókò yẹn, dísìkì kò ra nǹkan kan.

A mọ ohun tí ẹ ó sọ. Ẹ ó ní bí ènìyàn bá fi àlàfo sílẹ̀ ní Itamaga, Márúwá mẹ́ta ni yóò wọ ibẹ̀. Òótọ́ ni, wọn yóò wọ ọ́. Ẹ jẹ́ kí wọ́n wọ ọ́. Ìṣẹ́jú díẹ̀ ni wọn yóò gbà lọ́wọ́ yín. Mẹkáníìkì tí yóò sọ jíà kalẹ̀ kí ó tó rí dísìkì yóò gba odindi ọjọ́ kan, yóò sì tún gba owó.

Ẹsẹ̀ tí a gbé lé pẹ́dà bí ẹni gbé e lé àpótí ìtìsẹ̀ náà ní owó tirẹ̀. Bẹ́árìn kan wà tí ó ń ti sípíríìnì nígbàkúùgbà tí a bá tẹ kílọ́ọ̀ṣì, iṣẹ́ ìgbà kúkúrú ni a sì ṣe é fún. Ẹni tí ó bá tẹ pẹ́dà mọ́lẹ̀ fún ìṣẹ́jú márùn-ún nítorí pé kò fẹ́ fi jíà sí fírìì, bẹ́árìn yẹn ni ó ń fi ìyà jẹ. Ní ayé Beetle, irú èyí tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tò ní Èkó ní 1975, wáyà ni ó so pẹ́dà mọ́ kílọ́ọ̀ṣì, àwọn bàbá wa kò sì ní gbàgbé ọjọ́ tí wáyà bá já lójú pópó.

Orí òkè ni ó le jù. Ọkọ̀ dúró lórí afárá tàbí lórí gẹ̀gẹ́rẹ́, ọ̀nà ṣí, awakọ̀ gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún kúrò lórí bíréèkì kí ó lè tẹ tọ́rọ́tù. Láàárín ìgbà tí ẹsẹ̀ ń lọ láti ibì kan sí èkejì, ọkọ̀ á máa yí padà sẹ́yìn. Lójú ọ̀nà tiwa, ohun tí ó wà lẹ́yìn kì í ṣe ọkọ̀ nìkan: ọmọ tí ń kiri omi lè wà níbẹ̀, ọ̀kadà tí ó gbé ìyá àti ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ lè wà níbẹ̀. Bí ìbẹ̀rù bá sì mú kí awakọ̀ pa ẹ́ńjìnnì, bíréèkì pàápàá á bẹ̀rẹ̀ sí í le lábẹ́ ẹsẹ̀, nítorí ẹ́ńjìnnì ni ó ń ràn án lọ́wọ́.

Àwọn tí ń kọ́ni ní ọkọ̀ máa ń ní kí akẹ́kọ̀ọ́ báláǹsì ọkọ̀ lórí òkè, kí ó fi kílọ́ọ̀ṣì àti tọ́rọ́tù gbé e dúró láìlo bíréèkì. Ìdánwò tí ó dára ni. Àṣà tí kò dára ni, nítorí odindi ọkọ̀ ni dísìkì ń gbé ní gbogbo àkókò yẹn. Bíréèkì ọwọ́ ni kí a fà. Lẹ́yìn náà kí a fi jíà kìn-ín-ní, kí a tẹ tọ́rọ́tù díẹ̀, kí a gbé ẹsẹ̀ òsì sókè wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ títí ìró ẹ́ńjìnnì yóò fi wálẹ̀ díẹ̀, tí ara ọkọ̀ yóò sì gbọ̀n bí ti ẹṣin tí ó fẹ́ sáré. Kílọ́ọ̀ṣì ti di mú nìyẹn. Nígbà náà ni kí a tú bíréèkì ọwọ́ sílẹ̀, ọkọ̀ kò sì ní yí padà rárá. Ọ̀ràn tí ó wà níbẹ̀ ni pé bíréèkì ọwọ́ bọ́ọ̀sì púpọ̀ ti kú tipẹ́. Ẹ̀yin tí ẹ rántí ọmọ ọkọ̀ tí ń gbé igi sáré tẹ̀lé lọ́rì, tí ń fi í há táyà lórí òkè, ẹ mọ ohun tí à ń sọ.

Àwọn tí ń ṣe ọkọ̀ ti ń wá ojútùú sí èyí láti ọjọ́ pípẹ́. Ní 1936, Studebaker ní Amẹ́ríkà gbé Hill Holder jáde: bí ọkọ̀ bá dúró lórí òkè tí ẹsẹ̀ òsì sì wà lórí kílọ́ọ̀ṣì, bíréèkì kò ní tú títí ẹsẹ̀ náà yóò fi gbéra. Subaru náà lò ó lẹ́yìn náà. Nínú Beetle ti 1968, Volkswagen ta irú kan ní Amẹ́ríkà tí kò ní pẹ́dà òsì. Bí ọwọ́ bá ti kan ọ̀pá jíà, kílọ́ọ̀ṣì á tú ara rẹ̀. Hyundai tún ṣe ohun tí ó jọ ọ́ nínú Venue ní Íńdíà ní 2020.

Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ oníjíà òde òní, kọ̀ǹpútà ni ó ń mọ̀ pé orí òkè ni ọkọ̀ wà, òun ni yóò sì di bíréèkì mú lẹ́yìn tí ẹsẹ̀ ti kúrò. Bí ẹ́ńjìnnì bá fẹ́ kú nígbà tí kílọ́ọ̀ṣì ń tú, kọ̀ǹpútà kan náà á fún un ní epo díẹ̀ sí i. Ìrànlọ́wọ́ gidi ni, a kò sì bá àwọn tí ń pè é ní ọ̀lẹ ṣe. Ṣùgbọ́n nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá méjì ni ó fi ń di bíréèkì mú. Ẹ kà á: ọ̀kan, èjì. Ó ti tú. Ara ohun èlò bíréèkì oníkọ̀ǹpútà ni ó sì wà, nítorí náà bí iná ìkìlọ̀ bíréèkì bá ń tàn níwájú awakọ̀, tí a sì ti sọ pé kò ṣe nǹkan kan, ó ṣeé ṣe kí ìrànlọ́wọ́ náà ti kú pẹ̀lú. Ẹni tí ó ti mọ́ lára lórí irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀, tí ó wá bọ́ sínú HiAce àtijọ́, yóò gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí bíréèkì bí ó ti máa ń ṣe, kò sì ní sí ohun tí yóò di í mú. Ní Britain, ẹni tí ó bá fi ọtomátíìkì ṣe ìdánwò kò ní àṣẹ láti dá wa oníjíà. Ní gbàgede ìjọ, ẹni tí kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀ ni kí ó bèèrè kí ó tó nà án sí ẹlòmíràn: irú ọkọ̀ wo ni o fi kọ́ ọ?

Ìrànlọ́wọ́ kan ṣẹ́ kù tí ènìyàn kì í sábà kíyè sí. Àwọn ọkọ̀ oníjíà tuntun púpọ̀ kì í gbà kí a tan wọ́n àfi bí a bá tẹ kílọ́ọ̀ṣì wọlẹ̀. Èyí tí ó ti pẹ́ kò ní i. Bàbá á gbé ọkọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú jíà nínú rẹ̀ kí ó má baà yí, èyí tí ó dára. Á sọ̀ kalẹ̀ lọ ra búrẹ́dì, á sì fi kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀ kí àwọn ọmọ lè gbọ́ rédíò. Bí ọmọ ọdún mẹ́fà bá yí kọ́kọ́rọ́ náà kọjá ibi rédíò, ọkọ̀ á fò síwájú, ẹ́ńjìnnì ìbáà tàn tàbí kó má tàn. Ìyá tí ó jókòó ti ọjà rẹ̀ níwájú ọkọ̀ yẹn kò ní rí àyè sá. Kọ́kọ́rọ́ ni kí bàbá mú dání bí ó bá ń sọ̀ kalẹ̀, kí ó sì fi òkúta há táyà bí ilẹ̀ bá dagun.