Oru Abẹ́ Ilẹ̀ Tó Ń Tan Iná fún Kẹ́ńyà

Ní ọdún 2000, ọ̀dá òjò mú Kẹ́ńyà, iná mọ̀nàmọ́ná sì bá òjò lọ. Àwọn ìsédò orí odò Tana ni orílẹ̀-èdè náà gbójú lé jù lọ nígbà náà. Bí omi ṣe ń fà ni ẹ̀rọ ń dákẹ́, ìjọba sì bẹ̀rẹ̀ sí í pín ìwọ̀nba iná tó kù láti àdúgbò dé àdúgbò. Èèyàn ń pọ̀ sí i, ìlú ń fẹ̀, iléeṣẹ́ ń ṣí, odò kan náà ni gbogbo wọn sì ń wojú.

Ibi tí wọ́n yíjú sí lẹ́yìn náà ló yẹ ká fara balẹ̀ wò. Kẹ́ńyà kò ní epo àti gáàsì bíi ti Nàìjíríà, ṣùgbọ́n ilẹ̀ rẹ̀ gbóná nínú.

Olkaria ni wọ́n ń pe ibẹ̀, kò jìn sí adágún Naivasha, ní àríwá ìwọ̀-oòrùn Nairobi. Àfonífojì ńlá tó la Ìlà-Oòrùn Áfíríkà já gba ibẹ̀ kọjá, òkúta gbígbóná kò sì jìn sí ojú ilẹ̀. Láti àwọn ọdún 1950 ni wọ́n ti ń lu kànga wò níbẹ̀, ṣùgbọ́n pàbó ló já sí. Nígbà tí owó epo rọ̀bì fò sókè ní àwọn ọdún 1970 ni wọ́n tún padà lọ, ẹ̀rọ àkọ́kọ́ sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1981. Mẹ́gáwáàtì 15 péré ló ń mú wá. Kànga ibẹ̀ lè jìn tó kìlómítà 3, omi tó wà nísàlẹ̀ sì lè gbóná ju 300°C lọ. Bó bá ti rí ọ̀nà jáde báyìí, á fi ariwo tú sókè, á di oru. Wọ́n á ya omi kúrò lára oru náà, oru á yí tọ́báìnì, wọ́n á sì dá omi padà sínú ilẹ̀. Inú ọgbà ẹranko Hell's Gate ni púpọ̀ nínú iṣẹ́ yìí wà, nítorí náà ni wọ́n ṣe gbé àwọn páìpù ńláńlá náà sókè níbi kan, kí àgùnfọn àti kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ abilà lè gba abẹ́ rẹ̀ kọjá.

Oru yìí kò dúró de òjò, kò sì bìkítà bóyá oòrùn ti wọ̀. Lónìí, òun nìkan ló ń pèsè nǹkan bí ìdá 45 nínú 100 iná tí Kẹ́ńyà ń mú jáde. Àmọ́ àwọn kan san nínú owó rẹ̀ ju àwọn mìíràn lọ. Ní 2014, wọ́n kó àwọn ìdílé Maasai kan kúrò lórí ilẹ̀ wọn nítorí ẹ̀rọ tuntun ní Olkaria, àwọn kan nínú wọn sì gbé ẹ̀hónú wọn dé Báńkì Àgbáyé. Ẹ̀tọ́ wọn ni.

Lẹ́yìn oru, afẹ́fẹ́ ló kàn. Nítòsí adágún Turkana, níbi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́ yìì lọ́sàn-án lóru, wọ́n gbé abẹ̀bẹ̀ ńlá 365 dúró, tí àpapọ̀ agbára wọn jẹ́ mẹ́gáwáàtì 310. Ní 2017, wọ́n ti parí. Àmọ́ wáyà tó yẹ kó gbé iná náà lọ sí Suswa, ìrìn tó ju 400 kìlómítà lọ, kò tíì délẹ̀. Ilé-iṣẹ́ tó gba iṣẹ́ wáyà náà wọ gbèsè, ọ̀rọ̀ ilẹ̀ tí wáyà máa gbà sì di awuyewuye. Abẹ̀bẹ̀ dúró, afẹ́fẹ́ ń fẹ́, Kẹ́ńyà sì ń san owó ìtanràn lórí iná tí ẹnikẹ́ni kò lò, títí di 2018. Ó dunni gan-an. Ẹni tó ń gbé Èkó tàbí Ìbàdàn kò nílò àlàyé púpọ̀ lórí èyí: agbára àwọn ẹ̀rọ tí Nàìjíríà ní ju mẹ́gáwáàtì 12,000 lọ, ṣùgbọ́n èyí tó sábà máa ń dé ọ̀dọ̀ aráàlú kò ju 4,000 sí 5,000 lọ.

Ilé tálákà náà ńkọ́? Ní 2010, nínú ará Kẹ́ńyà márùn-ún, ẹnì kan péré ló ní iná. Nígbà tó fi máa di 2022, nínú mẹ́rin, mẹ́ta ti ní in. Ètò kan tó bẹ̀rẹ̀ ní 2015 ràn wọ́n lọ́wọ́ púpọ̀: ẹni tí ilé rẹ̀ kò ju 600 mítà sí tiransifọ́mà san ṣílè 15,000 dípò 35,000 kí wọ́n tó fa iná wọ ilé rẹ̀, ó sì lè san án díẹ̀díẹ̀. Ilé alámọ̀ tí kò ní wáyà nínú, pátákó kékeré kan ni wọ́n ń kàn mọ́ ògiri rẹ̀, tó ní ibi tí wọ́n ń fi gílóòbù sí, bọ́tìnnì tí wọ́n fi ń tan iná, àti ojú ihò tí wọ́n ti ń ṣáájì fóònù. Onílé á fi M-Pesa, ètò ìsanwó orí fóònù, ra iná, á tẹ nọ́ńbà ogún sínú mítà, iná á dé.

Síbẹ̀, ẹni tí kò lówó fíríìjì, gílóòbù kan àti fóònù kan ló máa lò ó fún. Owó táṣẹ́rẹ́ ló ń ti ibẹ̀ wọlé, ilé-iṣẹ́ tó ń pín iná sì ní láti máa tún òpó ṣe dé ẹnu ọ̀nà rẹ̀.

Kẹ́ńyà tún ń ra iná lẹ́yìn odi: láti oṣù kọkànlá 2022, wáyà tó ju 1,000 kìlómítà lọ ti ń gbé iná wá láti Ethiópíà. Kò tó. Ní 2025, iná tí Kẹ́ńyà ń fẹ́ ní ìrọ̀lẹ́, nígbà tí gbogbo ilé bá ń dáná tí wọ́n sì ń tan tẹlifíṣọ̀n, kọjá mẹ́gáwáàtì 2,300, oòrùn sì ti wọ̀ nígbà náà, tí iná oòrùn kò lè ràn wọ́n lọ́wọ́.

Ìṣirò ìjọba ni pé oru abẹ́ ilẹ̀ wọn lè pèsè tó mẹ́gáwáàtì 10,000, kò sì tíì tó 1,000 tí wọ́n ti ń rí lò. Àmọ́ ọ̀pọ̀ mílíọ̀nù dọ́là ni kànga kan ń gbà, ó sì lè ṣòfo. Ìdí nìyẹn tí ìjọba fi dá ilé-iṣẹ́ kan sílẹ̀ ní 2008 tí yóò máa lu kànga, tí yóò sì máa ta oru fún oníṣòwò tó fẹ́ gbé ẹ̀rọ kalẹ̀. Ní 2011 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í lu kànga ní Menengai, lẹ́bàá Nakuru. Ọdún 2023 ni ilé-iṣẹ́ àkọ́kọ́ tó ra oru ibẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí í mú iná jáde.