Yíyan Okùn fún Gìtá Béèsì Olókùn Mẹ́fà àti Bí A Ṣe Ń Tún Un Tò: Ẹ̀kọ́ fún Àwọn Olùkọ́ni

Àṣamọ̀

Iṣẹ́ yìí ṣàlàyé bí a ṣe ń yan okùn fún gìtá béèsì olókùn mẹ́fà, àti bí a ṣe ń tún un tò kí ohùn rẹ̀ lè já gaara. Ìṣẹ̀lẹ̀ kan tó ṣojú òǹkọ̀wé ní Ekurede-Urhobo, ní ìlú Wàrì, ìpínlẹ̀ Delta, ni a fi ṣe ìpìlẹ̀ ọ̀rọ̀. A fi ìlù dùndún àti bàtá ṣe àpẹẹrẹ kí ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì inú rẹ̀ lè tètè yé ènìyàn. Èrò wa ni pé olùkọ́ tó bá fẹ́ fún akẹ́kọ̀ọ́ ní máàkì nínú orin gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ bí a ṣe ń yẹ irinṣẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ náà wò.

Ìfáárà

Yorùbá ní a-gbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà. Mo ti dá irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ rí. Ní àsìkò ìdánrawò ìkọ́ni, mo lọ wo akẹ́kọ̀ọ́ NCE kan tó ń kọ́ àwọn ọmọ JSS ní ilé ẹ̀kọ́ kan ní Ekurede-Urhobo. Ẹ̀kọ́ ọjọ́ náà dá lórí ohùn òkè àti ohùn ìsàlẹ̀ nínú orin. Ọmọkùnrin náà gbé gìtá béèsì olókùn mẹ́fà tirẹ̀ wá, tòkúnbọ̀ tó fi owó tó tù jọ fún ọdún méjì rà. Nígbà tó ta okùn tó sanra jù, ariwo ni a gbọ́, bí ìgbà tí páànù orí ilé bá ń lu ara wọn nínú ìjì. Nígbà tó tẹ àwọn okùn yòókù lápá ìdí ọrùn, ohùn wọn kò bá ti kíbọ́ọ̀dù tó wà níbẹ̀ mu. Àwọn ọmọ bú sẹ́rìn-ín. Èmi kọ ọ́ sínú ìwé pé etí rẹ̀ kò gbọ́ orin, mo sì fún un ní máàkì tó kéré.

Lẹ́yìn kíláàsì, ó sọ fún mi pé òun yí gìtá náà sí ohùn kí òun tó kúrò nílé, àti pé ó ti sú òun, òun yóò tà á. Ọ̀rọ̀ yìí kò jẹ́ kí n sùn. Èmi náà ń ta gìtá béèsì láti ìgbà èwe mi, ṣùgbọ́n olókùn mẹ́rin ni mo mọ̀. Ní ọjọ́ Sátidé, àwa méjèèjì jókòó ti gìtá náà, a sì yẹ̀ ẹ́ wò láti orí dé ìdí. Àléébù mẹ́ta ni a rí, kò sì sí èyí tó jẹ mọ́ etí ọmọ náà. Ohun tí a rí, àti bí a ṣe tún un ṣe, ni mo fẹ́ ṣàlàyé fún ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi.

Ibi tí olókùn mẹ́fà ti wá

Ní ọdún 1951 ni Leo Fender gbé gìtá béèsì Precision jáde ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Okùn mẹ́rin ni ó ní: E, A, D àti G. Ní ọdún 1975, Carl Thompson kan òmíràn fún olórin kan tó ń jẹ́ Anthony Jackson. Wọ́n fi okùn B kún un nísàlẹ̀, wọ́n sì fi C kún un lókè. Ìtò okùn tí a mọ̀ lónìí nìyẹn: B, E, A, D, G, C. Ní ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì ilẹ̀ wa, àwọn ọ̀dọ́ atagìtá fẹ́ràn olókùn márùn-ún àti mẹ́fà, nítorí pé ọwọ́ wọn lè sọ̀ kalẹ̀ jìnnà kó sì tún gòkè láì kúrò lójú kan.

Ohun tó ń sọ bí ohùn okùn yóò ṣe rí

Nǹkan mẹ́ta ló wà níbẹ̀: gígùn okùn, líle rẹ̀, àti ìwúwo rẹ̀. Àwọn onílù wa ti mọ èyí tipẹ́. Bí onídùndún bá fún ọsán mọ́ra, awọ á le, ohùn á sì gòkè. Bí ó bá dẹ̀ ẹ́, ohùn á sọ̀ kalẹ̀. Onílù bàtá a máa lẹ ìda mọ́ ojú ìlù rẹ̀. Ìda yìí ń fi ìwúwo kún awọ, ohùn á sì lọ sílẹ̀.

Bákan náà ni gìtá. Láti nọ́ọ̀tì, ìyẹn eegun kékeré tí okùn gùn lé lókè ọrùn, dé bíríìjì tó wà ní ìdí, ọ̀pọ̀ gìtá béèsì jẹ́ íǹṣì 34. Gígùn okùn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà dọ́gba, nítorí náà ìwúwo ni a fi ń ya ohùn wọn sọ́tọ̀. Láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan, B ń gbọ̀n ní bí ìgbà 31, E ìgbà 41, A ìgbà 55, D ìgbà 73, G ìgbà 98, C ìgbà 131.

Ẹ wo B àti E. Iye ìgbà tí B ń gbọ̀n jẹ́ ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ti E. Bí a bá fẹ́ kí okùn méjèèjì le dọ́gba lábẹ́ ìka, ìṣirò fi hàn pé ìsanra B gbọ́dọ̀ jẹ́ ti E lọ́nà mẹ́rin lórí mẹ́ta. Bí E bá jẹ́ íǹṣì 0.100, B yóò jẹ́ nǹkan bíi 0.133. Ìdí nìyí tí páálí okùn tí E rẹ̀ jẹ́ 0.100 fi sábà máa ń ní B tó jẹ́ 0.130.

Nínú gìtá ọmọ náà, E jẹ́ 0.105, ṣùgbọ́n B tí ẹni tó tà á fi sí i kò ju 0.120 lọ. Bí a bá ṣírò rẹ̀, B tó yẹ E yẹn sún mọ́ 0.140. Líle B tirẹ̀ kò ju bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ti E lọ. Okùn tó dẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ ń fì kiri, ó sì ń gbá irin ọrùn. Àléébù kìíní nìyẹn.

Bí a ṣe ń yan okùn

Lákọ̀ọ́kọ́, ẹ ra páálí kan ṣoṣo tí wọ́n ṣe fún olókùn mẹ́fà. Ẹ má ṣe ṣa okùn jọ láti inú páálí ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Èyí tó wọ́pọ̀ tó sì rọrùn fún akẹ́kọ̀ọ́ ni 0.032, 0.045, 0.065, 0.080, 0.100 àti 0.130. Ẹ wọn gígùn gìtá kí ẹ tó lọ sọ́jà. Bí ó bá jẹ́ íǹṣì 35, okùn kan náà yóò fi bí ìdá mẹ́fà nínú ọgọ́rùn-ún le ju ti 34 lọ.

Lẹ́ẹ̀kejì, ẹ wo ohun tí wọ́n fi ṣe é. Irin tí wọ́n fi nickel bò ń fún wa ní ohùn tó mọ́ níwọ̀n, kì í sì tètè jẹ irin ọrùn. Stainless steel ń dún ketekete, ó sì ń kojú ìpáàrà dáadáa, ṣùgbọ́n ó máa ń jẹ irin ọrùn. Okùn tí ara rẹ̀ tẹ́jú ń pẹ́ gan-an, ohùn rẹ̀ sì rọlẹ̀. Èyí tí wọ́n fi ọ̀rá tẹ́ẹ́rẹ́ bò lára wọ́n, àmọ́ òógùn àti ìdọ̀tí kì í ráyè wọnú rẹ̀.

Lẹ́ẹ̀kẹta, ẹ ro ojú ọjọ́. Òjò tó ń rọ̀ ní Wàrì lọ́dún ju mìlímítà 2,500 lọ, ọ̀rinrin kì í sì í fẹ́ kúrò nínú afẹ́fẹ́. Ní irú ibẹ̀, stainless steel tàbí okùn tí wọ́n bò lára ló yẹ ẹni tí kò lè máa ra okùn lemọ́lemọ́. Aṣọ gbígbẹ tí a fi nu okùn lẹ́yìn ìlò kò ná wa ní nǹkan kan.

Bí a ṣe ń tún un tò

Okùn mẹ́fà tí a ti fà sí ohùn ń fa ọrùn gìtá pẹ̀lú agbára tó tó nǹkan bí 100 kg, ìwúwo àpò sìmẹ́ǹtì méjì. Ọ̀pá irin kan wà nínú ọrùn tó ń kojú agbára yìí. Bí okùn bá yí padà, tàbí tí igi bá mu ọ̀rinrin, ọrùn á tẹ̀ síwájú tàbí sẹ́yìn. Nítorí náà, ìtò iṣẹ́ ṣe pàtàkì:

1. Ẹ fi okùn tuntun sí i, kí ẹ sì yí i sí ohùn. Ẹ kọ́kọ́ tẹ okùn tó sanra kọdọrọ kí ẹ tó gé e, kí wáyà òde má baà tú. Bí nọ́ọ̀tì bá fún B jù, ẹ gbé e fún ẹni tó mọ̀ ọ́n gbẹ́.

2. Ẹ wo ọrùn. Ẹ tẹ okùn kan mọ́ fírẹ́ẹ̀tì kìíní, kí ẹ sì tẹ̀ ẹ́ mọ́ ibi tí ọrùn ti pàdé ara gìtá. Àlàfo tó wà ní ìdọ́gba fírẹ́ẹ̀tì kẹjọ yẹ kó gba abala ìwé A4 mẹ́ta tàbí mẹ́rin. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn jẹ́ nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́wàá mìlímítà. Bí kò bá sí àlàfo rárá, ẹ yí ọ̀pá irin sí òsì; bí àlàfo bá pọ̀ jù, ẹ yí i sí ọ̀tún. Ẹ má ṣe yí i ju ìdá mẹ́rin yíyípo kan lọ lẹ́ẹ̀kan. Bí ó bá le kankan, ẹ fi í sílẹ̀.

3. Ẹ wọn gíga okùn lórí fírẹ́ẹ̀tì kejìlá. C yẹ kó jẹ́ nǹkan bíi mìlímítà 2, B kó jẹ́ 2.5. Káàdì ATM mẹ́ta tí a tò léra wọn jẹ́ 2.3, ẹ lè fi ṣe òṣùwọ̀n.

4. Ẹ wá ṣe gàárì kékeré tí okùn kọ̀ọ̀kan gùn lé ní bíríìjì. Ẹ fi ìka kan okùn fẹ́rẹ́ lórí fírẹ́ẹ̀tì kejìlá láì tẹ̀ ẹ́, kí ẹ ta á. Lẹ́yìn náà, ẹ tẹ̀ ẹ́ níbẹ̀, kí ẹ tún ta á. Ohùn méjèèjì gbọ́dọ̀ bára mu. Bí ti ìtẹ̀ bá ga jù, ẹ sún gàárì sẹ́yìn. Bí ó bá lọ sílẹ̀ jù, ẹ sún un síwájú.

Àléébù kejì tí a rí ni pé ọrùn ti tẹ̀ sẹ́yìn, kò sí àlàfo kankan. Ẹ̀kẹta ni pé gàárì mẹ́fẹ̀ẹ̀fà wà lórí ìlà kan ṣoṣo, bí ọmọ iléèwé lórí ìlà ìpéjọ àárọ̀. Ìdí nìyẹn tí ohùn fi ń ṣìnà bí ó ti ń sún mọ́ ìdí ọrùn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó yí i sí ohùn dáadáa nílé.

Ohun méjì tó ń tan ènìyàn jẹ

Àwọn kan máa ń se okùn tó ti kú nínú omi gbígbóná. Ó lè ta jí fún ọjọ́ díẹ̀ nítorí pé ìdọ̀tí ti kúrò, ṣùgbọ́n okùn tó ti jẹ kò ní di tuntun. Èkejì ni ẹ̀rọ agbóhùnjáde. Agbóhùnjáde kékeré tí ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́ ní kò lè gbé ohùn tó ń gbọ̀n ní ìgbà 31 jáde. Bí B kò bá dún níbẹ̀, ẹ kọ́kọ́ dán gìtá wò lórí èyí tó tóbi kí ẹ tó dá okùn lẹ́bi.

Ìkádìí àti àbá

A ra páálí okùn tuntun, a sì lo ọjọ́ Sátidé náà lórí ìtò rẹ̀. Ní ọjọ́ Mọ́ńdè, mo kọ̀wé pé kí wọ́n wọ́gi lé máàkì tí mo fún un, mo sì bẹ ẹlẹgbẹ́ mi kan pé kó bá mi lọ wò ó lẹ́ẹ̀kan sí i. Àwọn ọmọ kan náà tó fi í ṣẹ̀sín ló ń na ọwọ́ sókè láti sọ èyí tó jẹ́ ohùn ìsàlẹ̀. Kò ta gìtá rẹ̀ mọ́.

Àbá mẹ́ta ni mo mú wá. Ìkíní, kí a fi ìtọ́jú irinṣẹ́ orin kún ẹ̀kọ́ orin ní kọ́lẹ́ẹ̀jì wa. Ìkejì, kí àwọn olùkọ́ fíṣíìsì àti ti orin jọ kọ́ni ní ẹ̀kọ́ nípa okùn, kí wọ́n sì fi ìlù ìbílẹ̀ ṣe àpẹẹrẹ. Ìkẹta, kí ìwé tí a fi ń fún akẹ́kọ̀ọ́ ní máàkì ní ìlà kan tí yóò bi wá pé: ṣé o ti yẹ irinṣẹ́ rẹ̀ wò? Ìlà yẹn ni n kò ní lọ́jọ́ tí mo kọ ohun tí mo kọ nípa etí ọmọ ọlọ́mọ.