Ọ̀bẹ Kì í Gbẹ́ Èkù Ara Rẹ̀: Ọ̀rọ̀ Lórí Àwọn Akẹ́kọ̀ọ́ Ìṣègùn àti Oògùn Ìrora

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ là yé yín jẹ́ ti àwọn ọmọ wa tí ń kọ́ iṣẹ́ dókítà. Bí a bá gbọ́ pé ẹni tí kò mọ ìwé ń lo oògùn bí ó ti wù ú, kì í yà wá lẹ́nu. Ṣùgbọ́n àwọn olùwádìí ní ilẹ̀ púpọ̀, Nàìjíríà pẹ̀lú, ti rí i léraléra pé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn a máa fún ara wọn ní oògùn láìrí dókítà, àti pé oògùn tí í pa ìrora wà lára èyí tí wọ́n ń lò jù. Kí ni ó fà á? Ewu wo ni ó wà níbẹ̀? Kí ni ó sì kàn wá nínú rẹ̀? Ohun mẹ́ta wọ̀nyí ni a ó gbé yẹ̀ wò.

Èkíní, ohun tí ó fà á. Ẹ̀kọ́ ìṣègùn kì í ṣe ẹ̀kọ́ ìrọ̀rùn. Ẹni tí ń kọ́ ọ a máa kàwé di òru, a máa dúró pẹ́ ní wọ́ọ̀dù, a sì máa tẹrí ba sórí ìwé títí ọrùn àti ẹ̀yìn yóò fi máa ro ó. Orí a máa fọ́. Inú rírun ti nǹkan oṣù a máa bá àwọn ọmọbìnrin jà. Ìdánwò sì lè kù sí ọ̀la. Ilé ìwòsàn kò jìnnà, ṣùgbọ́n èrò pọ̀ níbẹ̀. Oògùn sì wà ní ṣọ́ọ̀bù ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà àti nínú àpò ọ̀rẹ́ rẹ̀. Lékè gbogbo rẹ̀, ó ti kọ́ orúkọ oògùn náà àti ìwọ̀n rẹ̀ nínú ìwé. Àwọn mìíràn tilẹ̀ ń bẹ̀rù pé bí a bá rí wọn láàrin àwọn aláìsàn, a ó kà wọ́n sí aláìlágbára. Báyìí ni akẹ́kọ̀ọ́ ṣe ń di dókítà ara rẹ̀ kí ó tó di dókítà ẹnikẹ́ni.

Àwọn àgbà sì ti wí pé, bí ó ti wù kí ọ̀bẹ mú tó, kì í gbẹ́ èkù ara rẹ̀. Dókítà tí ń yẹ aláìsàn wò a máa bi í léèrè, a máa fọwọ́ kàn án, a sì máa ro ohun tí aláìsàn náà kò rò. Ẹni tí ń tọ́jú ara rẹ̀ ti yan ìdáhùn kí ó tó béèrè: ó fẹ́ kí ìrora lọ, kí òun lè padà sí ìdí ìwé òun.

Èkejì, ewu tí ó wà níbẹ̀. Ní ọdún 1971, John Vane, onímọ̀ kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, fi bí aspirin ti ń ṣiṣẹ́ hàn, ó sì wà lára àwọn mẹ́ta tí wọ́n gba ẹ̀bùn Nobel ti ìṣègùn ní 1982. Ara wa a máa ṣe àwọn èròjà kan tí à ń pè ní prostaglandin, tí í mú kí ibi tí ó farapa wú, kí ó sì máa ro ni. Aspirin, ibuprofen àti diclofenac a máa dí ara lọ́wọ́ láti ṣe wọ́n, ìrora a sì rọlẹ̀. Ṣùgbọ́n irú èròjà kan náà ni ó ń dáàbò bo awọ inú ikùn, òun náà ni ó sì ń ran kíndìnrín lọ́wọ́ láti rí ẹ̀jẹ̀ tó. Nítorí náà, ẹni tí ó sọ irú oògùn wọ̀nyí di ohun ojoojúmọ́ lè ní ọgbẹ́ inú tí ń ṣẹ̀jẹ̀. Bí ara rẹ̀ bá sì gbẹ nítorí àìmu omi, ó lè pa kíndìnrín rẹ̀ lára.

Paracetamol kì í ṣe ikùn bẹ́ẹ̀, èyí ni ó mú kí ọ̀pọ̀ ènìyàn fojú kékeré wò ó. Àgbàlagbà kò gbọdọ̀ kọjá gíráàmù 4, èyíinì ni hóró 8 ti mílígíráàmù 500, láàrin wákàtí 24. Ṣùgbọ́n ó wà nínú ọ̀pọ̀ oògùn ọ̀fìnkìn pẹ̀lú, tó bẹ́ẹ̀ tí ènìyàn lè lo ìlọ́po méjì láìmọ̀. Àpọ̀jù rẹ̀ a máa ba ẹ̀dọ̀ jẹ́. Ara ẹni náà lè dà bí ẹni pé kò ṣe é ní ọjọ́ kìíní, kí ìpalára náà tó hàn ní ọjọ́ kejì tàbí ìkẹta. Oògùn kan tí à ń pè ní acetylcysteine wà tí í gbà á, ṣùgbọ́n láàrin wákàtí 8 ni ó ń ṣiṣẹ́ dáradára jù. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe dúró de àmì àìsàn.

Ewu mìíràn fara pamọ́. Ẹni tí orí sábà máa ń fọ́, tí ó sì ń lo oògùn rẹ̀ ní ọjọ́ 15 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lóṣooṣù, fún ohun tí ó ju oṣù 3 lọ, lè rí i pé oògùn náà gan-an ni ó ń fọ́ ọ lórí. Fún codeine àti tramadol, ọjọ́ 10 lóṣooṣù ti tó. Ó lo oògùn nítorí pé orí ń fọ́. Orí sì ń fọ́ nítorí pé ó lo oògùn. Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́.

Codeine àti tramadol jẹ́ ìbátan morphine, wọ́n a sì máa di bárakú. Ní 2018, ìjọba Nàìjíríà fi òfin de ṣíṣe omi oògùn ikọ́ tí ó ní codeine nínú àti kíkó o wọ̀lú, nítorí ìlòkulò rẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má sì rò pé ìmọ̀ ni yóò gba òun. William Halsted jẹ́ oníṣẹ́-abẹ olókìkí ní Amẹ́ríkà. Ní nǹkan bí 1884, ó ń dán cocaine wò lára ara rẹ̀, láti wá ọ̀nà tí a ó fi la ara aláìsàn láìsí ìrora. Iṣẹ́ náà ṣe aráyé láǹfààní, ṣùgbọ́n cocaine di bárakú fún un, lẹ́yìn rẹ̀ morphine, tí ó ń lò fún ọ̀pọ̀ ọdún nígbà tí ó jẹ́ olórí àwọn oníṣẹ́-abẹ ní ilé ìwòsàn Johns Hopkins.

Ẹ̀kẹta, ohun tí ó kàn wá. Ní ọ̀pọ̀ ilé, ọmọ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ilé-ẹ̀kọ́ ìṣègùn ti di dókítà ẹbí. Ìyá tí orúnkún ń ro yóò wí pé, “Dókítà mi, kí ni kí n lò?” Ọmọ náà yóò sì dárúkọ èyí tí òun tìkára rẹ̀ ń lò. Bẹ́ẹ̀ ni ibuprofen àti diclofenac lè mú ẹ̀jẹ̀ ríru le sí i, kí wọ́n sì dín agbára oògùn rẹ̀ kù. Bí ó bá sì jẹ́ ibà ni, oògùn ìrora lè mú ara tutù nígbà tí kòkòrò ibà ń pọ̀ sí i nínú ẹ̀jẹ̀. Àṣà tí a dá ní yàrá akẹ́kọ̀ọ́ kì í dúró níbẹ̀. Yóò bá a délé, yóò sì bá a dé ọ̀dọ̀ àwọn aláìsàn rẹ̀.

Kí ni ṣíṣe? Èmi kò wí pé ẹni tí orí ń fọ́ ní ọjọ́ kan kò gbọdọ̀ lo hóró paracetamol méjì. Ṣùgbọ́n kí akẹ́kọ̀ọ́ máa kọ ọjọ́ tí ó lo oògùn sílẹ̀. Kí ó ka ohun tí a kọ sára páálí, kí ó má sì fi ibuprofen lé diclofenac lórí. Ìrora tí ó bá ń padà wá, kí ó gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà tí kì í ṣe òun tàbí ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ẹ̀yin olùkọ́ wọn, ẹ jẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ lè ṣàìsàn láìtijú. Ẹ̀yin òbí, bí ọmọ bá wí fún yín pé orí ń fọ́ òun ṣùgbọ́n òun ti lo oògùn, ẹ má ṣe dákẹ́ síbẹ̀. Ẹ bi í pé, “Ta ni ó yẹ̀ ọ́ wò? Ìgbà mélòó ni o ti lò ó nínú oṣù yìí? Wákàtí mélòó ni o fi sùn?” Ìrora jẹ́ ìránṣẹ́. Ó lè jẹ́ pé oorun ni ó wá béèrè, tàbí oúnjẹ, tàbí awò ojú. Ó sì lè jẹ́ àìsàn tí ó ju èyí lọ. Ẹ jẹ́ kí ó jíṣẹ́ rẹ̀ tán kí a tó pa á lẹ́nu mọ́.