Títọ́jú aláìsàn nílé l'Ájégúnlẹ̀: Ta ni yóò san owó rẹ̀?

Àìsàn kì í wo bí yàrá ṣe fẹ̀ tó kó tó wọlé. L'Ájégúnlẹ̀, nínú àwọn ilé tí yàrá ti kọjú sí yàrá, tí ọ̀pọ̀ ìdílé sì ń lo balùwẹ̀ kan ṣoṣo, arúgbó tí àrùn rọpárọsẹ̀ dá dùbúlẹ̀ wà níbẹ̀, ẹni tí jẹjẹrẹ ń bá fínra náà wà níbẹ̀. Lọ́pọ̀ ìgbà, ìyàwó ilé tàbí ọmọbìnrin tó ń tajà ní Boundary ló ń tọ́jú wọn. Bí kò bá ti ìsọ̀ rẹ̀ pa, bàbá yóò wà nínú ìgbẹ́ àti ìtọ̀ títí di alẹ́.

Abájọ tí òwò ìtọ́jú aláìsàn nílé fi ń wu àwọn nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì, àtàwọn tó ti tọ́jú àwọn arúgbó nílùú London. Oṣù kejì ọdún 2022 ni ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣí ilẹ̀kùn fún irú àwọn òṣìṣẹ́ bẹ́ẹ̀ láti òkè òkun, ní oṣù keje ọdún 2025 ni wọ́n sì tì í padà. Ẹni tó mọ iṣẹ́ náà dunjú lè rò pé òwò ti wà nílẹ̀ bí òun bá ti délé. Ṣùgbọ́n nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ìjọba ìbílẹ̀ ló ń san owó ọ̀pọ̀ nínú àwọn arúgbó tí kò ní lọ́wọ́. L'Ájégúnlẹ̀ ńkọ́?

Ìṣirò rẹ̀ kò le. Aláìsàn tí kò lè dìde ń fẹ́ ẹni tó máa wà nítòsí rẹ̀ tọ̀sán tòru. Téèyàn bá ro ti ọjọ́ ìsinmi mọ́ ọn, ẹni mẹ́ta ni yóò máa pín iṣẹ́ náà ṣe. Láti oṣù keje ọdún 2024, owó oṣù tó kéré jù lọ lábẹ́ òfin jẹ́ ₦70,000. Ti ẹni mẹ́ta di ₦210,000 lóṣù lórí aláìsàn kan, láìtíì ka owó ọkọ̀, ìbọ̀wọ́, pampas àgbà àti owó nọ́ọ̀sì tí yóò máa bójú tó wọn. Èrè kò tíì sí níbẹ̀ o. Ẹni tó ń gbé yàrá kan kò lè san án.

Àwọn tó lè san án wà ní òdìkejì, ní GRA Àpápá, tàbí kí wọ́n jẹ́ ọmọ tó wà ní Houston tó ń fowó ránṣẹ́ nítorí ìyá rẹ̀. Ti ọmọ òkè òkun yìí gan-an gba ọgbọ́n. Ó fẹ́ rí ìyá rẹ̀ lórí fóònù lójoojúmọ́, ẹ̀gbọ́n tó wà nílé sì fẹ́ kí owó gba ọwọ́ òun kọjá. Ọ̀pọ̀ ìjà ẹbí ló ń ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Àǹfààní kan wà níbẹ̀ ṣá: kò sẹ́ni tó máa sọ pé wọ́n gbé ìyá wọn jù sílé àwọn arúgbó, nítorí orí bẹ́ẹ̀dì tirẹ̀ ni ìyá wà.

Họ́sípíìsì tún yàtọ̀. Àìsàn tó ti kọjá oògùn ni tiwọn. Ìrora ni wọ́n ń dín kù, kí ara lè tu onítọ̀hún títí ọlọ́jọ́ yóò fi dé. Cicely Saunders ló dá St Christopher's sílẹ̀ ní London, èyí tó ṣílẹ̀kùn lọ́dún 1967. Anne Merriman dá Hospice Africa Uganda sílẹ̀ lọ́dún 1993. Wọn kò dá a sílẹ̀ láti fi jèrè. Nílẹ̀ England lónìí, nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta owó tí họ́sípíìsì àwọn àgbà ń ná ni ìjọba ń san. Ọrẹ, ogún tí òkú fi sílẹ̀ àti ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta aṣọ àlòkù ló ń gbé ìyókù. Amẹ́ríkà ni họ́sípíìsì ti di òwò ńlá, nítorí pé Medicare tí í ṣe ti ìjọba ti ń san owó rẹ̀ láti ọdún 1983. Kò sí irú àpò bẹ́ẹ̀ l'Ájégúnlẹ̀.

Oògùn rẹ̀ náà kì í ṣe èyí tí wọ́n ń rà ní kẹ́míìsì. Morphine, tó ń pa ìrora jẹjẹrẹ, ń fẹ́ dókítà tó máa kọ ọ́ àti ìwé àkọsílẹ̀ tó péye. Ní Uganda, òfin gba nọ́ọ̀sì tó kọ́ nípa rẹ̀ láyè láti kọ ọ́ fún aláìsàn. Ní Ìbàdàn, Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọláìtán Ṣóyánnwò wà lára àwọn tó fi ẹsẹ̀ irú ìtọ́jú yìí múlẹ̀ ní UCH. Abẹ́ ọsibítù ńlá ló ti dàgbà, kì í ṣe inú ṣọ́ọ̀bù ẹnì kan. Ẹni tó wà l'Ájégúnlẹ̀ yóò ṣe dáadáa bó bá kọ́kọ́ bá LUTH ní Ìdí-Àràbà sọ̀rọ̀.

Èyí tó ṣeé ṣe kéré jùyẹn lọ. Ilé sún mọ́ra l'Ájégúnlẹ̀. Olùtọ́jú kan lè fẹsẹ̀ rìn dé ilé mẹ́rin láàárọ̀, kó wẹ aláìsàn, kó wo egbò, kó sì kọ́ ọmọbìnrin ilé bí wọ́n ṣe ń yí bàbá padà ní wákàtí méjì-méjì kí ìdùbúlẹ̀ má baà dá egbò sí i lára. Owó ojoojúmọ́ ni yóò gbà, bí alájọ ṣe ń gbà á. Ní Àpápá, tírélà lè gba gbogbo àárọ̀ yẹn lọ́wọ́ rẹ̀.

Kó tó gba aláìsàn àkọ́kọ́, kó dé ọ̀dọ̀ HEFAMAA, àjọ tó ń ṣàmójútó ilé ìtọ́jú ní ìpínlẹ̀ Èkó lábẹ́ òfin ọdún 2006, kó béèrè irú ìwé àṣẹ tí iṣẹ́ rẹ̀ ń fẹ́. Kí nọ́ọ̀sì tó ní ìwé ẹ̀rí máa darí rẹ̀. Kí òun àti ẹbí sì fọwọ́ sí ìwé àdéhùn, tó sọ pé aṣọ bàbá nìkan ni olùtọ́jú máa fọ̀, kì í ṣe ti gbogbo ilé, àti nọ́ńbà ẹni tí wọ́n máa pè bí èémí bàbá bá yí padà láago méjì òru.